Òfin Igun Mẹ́rin

Olùkà, ẹ̀rọ tó ń yẹ àwòrán wò, dá ojú ewé náà padà. Iná pupa tàn lórí tábìlì Tinúadé, ohùn ẹ̀rọ náà, ohùn tó dà bíi ti obìnrin tó sùn dáadáa, sì sọ pé: "Férémù kẹrin ní igun méje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe."

Tinúadé tẹ orí ba wo bébà náà. Ẹyẹ lékeléke kan ló yà sínú férémù kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí wọ́n ń ya àwòrán sí lójú ewé. Ẹyẹ náà ń gbéra lórí òrùlé, Tinúadé sì ti jẹ́ kí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ yọ díẹ̀ kọjá ìlà. Ibi tí ìyẹ́ náà ti já ìlà ni Olùkà kà mọ́ igun. Tinúadé mú abẹ, ó rọra họ ṣóńṣó náà kúrò, ó sì fi rúlà fa ìlà gbọọrọ dípò rẹ̀. Ẹyẹ náà ò fò mọ́. Ó dà bí ẹyẹ tí wọ́n kì bọ àpótí. Iná náà di àwọ̀ ewé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Arábìnrin Tinúadé."

Kò gbọ́ ìgbà tí Ládélé wọlé. Ládélé ni Alábòójútó Àwòrán, òun ló ń pín iṣẹ́ fún gbogbo àwọn tó ń ya ìwé ìtàn aláwòrán ní Òkè-Ìlérí. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Kì í jágbe mọ́ ènìyàn, kì í fi ọwọ́ lu tábìlì. Bóyá ohun tó mú kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wọ́n nìyẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ẹyẹ yẹn wù mí. Ó dùn mí pé ẹ gé ìyẹ́ rẹ̀."

"Òfin ni, sà."

"Òfin ni," ni Ládélé wí. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì tẹ́ bébà kan síwájú rẹ̀. "Iṣẹ́ tuntun dé. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò kà á, lọ́jọ́ ìrántí Odi Òkun."

Férémù mẹ́sàn-án ló wà lórí bébà náà, gbogbo wọn dọ́gba bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ. Wọ́n ti kọ ohun tó yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i: àwọn òṣìṣẹ́ ń mọ odi, ìjì ń bọ̀, àwọn ọmọdé ń kọrin lórí òkè. Férémù tó wà láàárín gbùngbùn nìkan ni kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Omi.

"Kí ni kí n yà sínú omi náà, sà?"

"Omi náà ni."

"Ọkọ̀ ńkọ́? Tàbí ẹja?"

"Omi lásán. Ibi tí Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà wà tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nígbà tí omi dé."

"Mo mọ̀, sà," ni Tinúadé wí. Gbogbo ìlú ló máa ń dáhùn báyìí. Ó yí pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ṣùgbọ́n, sà, àwọn ọmọdé kì í wo ibi tí nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò wò ó?"

Ládélé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ á kàn kọjá lórí omi náà ni, á bọ́ sórí orin. Ọmọ tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ kan fún nílé..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó fi ọwọ́ na iwájú ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tó jáde tán, Tinúadé tún ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí síléètì tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ ṣe ń wo síléètì ni síléètì ń wo ọmọ. Ojú kékeré kan wà lókè rẹ̀, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ó ń tẹ̀lé ẹyinjú ẹni tó ń kàwé: ibi tó lọ, ibi tó pẹ́ sí, ibi tó yára sá kúrò. Bí férémù bá jẹ́ onígun mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn, Olùkà ti mọ ibi tó yẹ kí ojú wà nígbà kọ̀ọ̀kan, ojú tó bá sì yà kúrò lọ́nà kò lè fara pamọ́: síléètì ọmọ náà á tan iná pupa. Torí náà ni wọ́n ṣe gbé Òfin Igun Mẹ́rin jáde. Gbogbo ayàwòrán ló mọ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú Bámitálẹ̀, ọmọ aládùúgbò Tinúadé, lọ sí Ilé Ìtọ́sọ́nà lẹ́yìn ìwé kíkà. Wọ́n sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé yóò padà wá nígbà tí ojú rẹ̀ bá rọlẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì rí i.

* * *

Yéjídé ti dé láti ilé ìwé kí ìyá rẹ̀ tó wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ẹ̀pà jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò pẹ́ púpọ̀ tí omi gbé ìyá Tinúadé lọ tí wọ́n fi bí i. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Yéjídé, ó sì jọ ìyá àgbà rẹ̀ lóòótọ́: iwájú orí gbọọrọ, àti ojú tí kì í tètè kúrò lára nǹkan.

Tinúadé ti fi pẹ́ńsù ya àpẹẹrẹ ojú ewé náà wéréwéré níbi iṣẹ́. Ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ náà.

"Bá mi ka èyí wò. Ṣé ó dùn ún kà?"

Yéjídé nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ojú rẹ̀ lọ sórí férémù kìíní, ó lọ sórí ìkejì. Lẹ́yìn náà ó já bọ́ sí àárín, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń mọ odi lókè, àwọn ọmọdé ń kọrin nísàlẹ̀, kò wo ìkankan nínú wọn. Omi lásán ló ń wò.

"Kí lò ń wò níbẹ̀?"

"Mò ń wá ilé ìyá àgbà ni."

Tinúadé jókòó tì í. "Ta ló sọ fún ọ pé ilé wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní wọ́n ṣí géètì odi kí omi má bàa dé orí òkè, wọn ò sì lu agogo fún àwọn tó wà nísàlẹ̀." Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo bi yín ìtumọ̀ orúkọ mi lẹ sọ ọ́."

Òun náà ni lóòótọ́. Ọmọ béèrè ẹni tí òun ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìyá ò lè purọ́ fún un lórí ìyẹn.

"Bí mo bá ní kí o má wo ibẹ̀ ńkọ́?"

Yéjídé fà á mọ́ra, ó tún un kà. Ó sáré ka òkè. Nígbà tó dé àárín, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó fò ó, ó sì la ojú sórí èyí tó tẹ̀lé e. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tinúadé wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Olùkà máa ń tètè rí ojú tó ń sá ju ojú tó ń wò lọ.

* * *

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọdẹ́tókun, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi ni bàbá náà ń gbé, nínú yàrá kan tí kò ní ẹ̀rọ kankan. Ó ti yàwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tó dé, nígbà tí òfin sì dé, ó ní ojú òun ti ń dùn òun, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Tinúadé ṣàlàyé fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Bàbá náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó gbé etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, ó sì fa àwọn ojú ewé àtijọ́ kan jáde lábẹ́ tìmùtìmù. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Tinúadé ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ibì kan, olè ń sá lọ, gbogbo férémù tó yí i ká sì dagun bí ilé tó fẹ́ wó. Ní ibòmíràn, obìnrin arúgbó kan ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ nínú férémù róbótó bí ojú kànga. Ọkùnrin kan ń gun òkè nínú férémù tó rí gbọọrọ bí àkàbà, débi pé ojú ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ bá a gùn ún. Ojú ewé kan wà tí kò ní ìlà kankan. Kùrukùru ló bò ó, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ń wá ara wọn.

"Nígbà ayé tiwa," ni Bàbá Ọdẹ́tókun wí, "bí ọ̀rọ̀ bá ń sáré, férémù náà á sáré. Bí ọkàn ẹnì kan bá fọ́, a ó fọ́ férémù. Ẹni tó ń kà á lè má mọ ohun tí a ṣe sí òun, àmọ́ á mọ̀ ọ́n lára."

"Bàbá, èwo nínú wọn ló lè mú kí ojú ọmọ mi má dúró lórí omi?"

Bàbá náà kó àwọn ojú ewé náà jọ. "Kò sí. O ò lè lé ojú kúrò níbi tí ọkàn wà. Ohun tí o lè ṣe ni kí o pe ojú àwọn tó kù wá síbẹ̀."

Ó mú èédú, ó tẹrí ba sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó sì yàwòrán férémù kékeré kan sí àárín. Ó wá ya mẹ́jọ yí i ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ létí ìta, ó sì ń tín-ínrín bó ṣe ń bọ̀ wá sí àárín, bí àwo tí òkúta bà tó sì sán káàkiri. Tinúadé fẹ́ wo etí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ̀. Níbikíbi tó bá gbé e sí, ìlà á tún fà á padà sí àárín.

"Ka igun wọn," ni bàbá náà wí.

Ó kà wọ́n. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin.

"Iye ni òfin sọ. Kò sọ bó ṣe yẹ kí ó rí."

"Nígbà náà, gbogbo ọmọ ni yóò wo omi."

"Gbogbo wọn."

"Olùkà ò sì ní mọ èyí tó mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀." Ó yíjú sí bàbá náà. "Wọn ò sì lè kó gbogbo ọmọ ìlú, Bàbá."

Bàbá Ọdẹ́tókun fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu èédú náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan," ni ó wí. "Mo rò pé wọn ò lè jẹ́ kí omi gbé gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà."

* * *

Ọ̀rọ̀ yìí bá a dé ìdí iṣẹ́. Ó jókòó síwájú bébà funfun, ó ń ro àwọn ọmọ tí òun ò mọ̀, tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan rí, tí ojú wọn ì bá kọjá lórí omi náà wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n sì lọ sílé lọ jẹun. Kí ó tó lè gba ọmọ tirẹ̀ là, àfi kó mú àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọnú ewu kan náà. Bí ó bá sì ya férémù bí wọ́n ṣe ní kí ó yà á, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí Yéjídé. Ó gbé pẹ́ńsù, ó gbé e sílẹ̀. Ó mu omi. Nígbà tó tún gbé e, ìlà tó kọ́kọ́ fà kò tọ́, ó dagun lọ sí àárín, kò sì pa á rẹ́.

Ó ya iṣẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí Bàbá Ọdẹ́tókun kọ́ ọ. Ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ ojú sí àárín, kí ìjì fẹ́ lọ sí àárín, kí ẹnu àwọn ọmọ tó ń kọrin là sí àárín. Ní àárín náà, omi lásán ló wà, bí wọ́n ṣe ní kí ó ṣe. Ó fi nọ́ńbà sí férémù kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ́ bébà náà sábẹ́ ojú Olùkà.

Ẹ̀rọ náà kà á láti igun dé igun. Kò pẹ́ lórí ojú ewé kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Férémù mẹ́sàn-án," ló wí níkẹyìn. "Gbogbo wọn ní igun mẹ́rin. A fọwọ́ sí i."

Ládélé yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó ti kọjá?"

"Ó ti kọjá, sà."

"Ẹ ṣeun." Kò wá wò ó. Òfin kò gbà kí ènìyàn tún ohun tí Olùkà bá ti fọwọ́ sí yẹ̀ wò, Ládélé kì í sì í rú òfin.

* * *

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó àwọn òbí dúró lẹ́yìn ògiri onígíláàsì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, kí wọ́n lè rí àwọn ọmọ wọn nínú gbọ̀ngàn. Yéjídé wà ní ìlà kejì. Fọlárìn, ọmọ Ládélé, jókòó níwájú rẹ̀ gan-an. Bọ́ọ̀sì kékeré kan dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, ẹnjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn òbí rí i, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àwọn ọmọ gbé síléètì wọn dání. Ojú ewé náà jáde.

Síléètì kan pọ́n lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Obìnrin kan mí kanlẹ̀ nínú àwọn òbí. Lẹ́yìn èyí, méjì pọ́n lápá òsì. Ti Yéjídé pọ́n. Ti Fọlárìn pọ́n. Ó ń tàn káàkiri bí iná tó mú pápá, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi di pupa, tí ojú àwọn ọmọ náà sì di pupa pẹ̀lú. Wọ́n ń wo ara wọn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúadé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò yí orí padà tó fi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má là. "Mo sọ fún tèmi," ló wí. "Èmi ni mo fà á."

"Èmi náà sọ fún tèmi," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu dé ẹnu lẹ́yìn gíláàsì. Tinúadé ń gbọ́ wọn. Kò wá mọ iye ọmọ tí ojú rẹ̀ ì bá ṣì dúró lórí omi náà, ká ní férémù dọ́gba.

Ohùn tó dà bíi ti obìnrin tó sùn dáadáa jáde láti ara ògiri. "Gbogbo síléètì ló pọ́n. A ti pe àwọn bọ́ọ̀sì mìíràn. Alábòójútó, ẹ jẹ́rìí sí i."

Ládélé dúró níwájú gbọ̀ngàn. Ó rìn lọ sídìí tábìlì Fọlárìn, ó gbé síléètì ọmọ náà, ó sì wo ojú ewé yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo Tinúadé láti inú gbọ̀ngàn.

Ó ti yé e. Tinúadé rí i pé ó ti yé e. Tí Ládélé bá ní àwòrán yìí ló wọ́, òun Tinúadé ni wọn yóò gbé lọ, wọn yóò sì tún ìwé mìíràn kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níbi tí kálukú yóò ti dá dúró. Níta, bọ́ọ̀sì ńlá kan ti dé sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, òmíràn sì ń tẹ̀lé e bọ̀.

"Alábòójútó, ẹ jẹ́rìí sí i."

Ládélé gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí. "Olùkà ṣì í kà," ló wí.

Ohùn náà tún jáde. "Ẹ tún un sọ."

"Mo ní Olùkà ṣì í kà. Kò sí ohun tó ṣe àwọn ọmọ yìí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Kò sí ẹni tó tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dà bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ò mọ èsì tó yẹ kó fún un. Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn òbí ya wọlé, kálukú ń wá ọmọ rẹ̀, wọn ò pariwo. Yéjídé fi ojú pamọ́ sí ikùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Ládélé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Igun mẹ́rin," ló wí jẹ́jẹ́.

"Igun mẹ́rin ni, sà."

"Ẹ mú ọmọ yín relé."

Ọkùnrin méjì di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì kékeré náà mú fún Ládélé. Kò bá wọn jà. Ó tẹ orí ba, nítorí pé ọmọdé ni wọ́n ṣe bọ́ọ̀sì náà fún, ó sì wọlé.

* * *

Ní ọjọ́ Ajé, òfin tuntun ti wà lára ògiri Ilé Àwòrán: gbogbo ẹ̀gbẹ́ férémù gbọ́dọ̀ dọ́gba, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn Olùkà. Orúkọ Alábòójútó tuntun wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ Tinúadé ni. Kò mọ̀ bóyá wọ́n rí ohun tó ṣe tàbí wọn ò rí i, kò sì sí ẹni tó lè bi.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wà lórí tábìlì Ládélé. Férémù mẹ́sàn-án tó dọ́gba, tí omi wà láàárín wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún un kà.

Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Kò tíì rí i rí, àmọ́ ó ti mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé Fọlárìn jọ ọ́.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà nípò ọkọ mi báyìí," ni obìnrin náà wí. Kò sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n gbé e lọ?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá Fọlárìn. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá sọ fún yín."

Obìnrin náà mi orí, ó fẹ́ padà.

"Ẹ jókòó," ni Tinúadé wí. Ojú Olùkà wà lókè orí wọn, ó là sílẹ̀. Kò wò ó. "Ṣé ó sọ nǹkan kan fún yín rí nípa Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà?"

"Rárá o. Kì í sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé."

"Èmi yóò sọ ọ́ fún yín. Tí ẹ bá délé, ẹ sọ ọ́ fún Fọlárìn, kí Fọlárìn náà sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, kí gbogbo wọn lè wo omi náà. Ṣé ó yé yín?"

Obìnrin náà gbé ojú sókè wo ojú Olùkà, ó sì tún rẹ ojú sílẹ̀ kíá. Ó jókòó.

"Ìyá mi ń rán aṣọ ní òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́gẹ̀dẹ̀," ni Tinúadé bẹ̀rẹ̀. "Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó ń gbé inú wọn fún yín."

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wọn. Tinúadé gbọ́ ọ. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ti obìnrin náà, kò sì dákẹ́.